Ilé ni Ọ̀run, Kì í Ṣe Ilé-Ẹjọ́: Àyẹ̀wò Èrò Yorùbá nípa Ẹ̀yìn Ikú nínú Lítíréṣọ̀

Ìfáárà

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra fún ìdánwò àṣekágbá ilé-ẹ̀kọ́ girama léèrè ohun tí Yorùbá gbà gbọ́ nípa ẹ̀yìn ikú, ìdáhùn tí a ó rí gbà kì í sábà pé méjì. Yóò kọ ọ́ pé bí ènìyàn bá kú, yóò lọ jẹ́jọ́ níwájú Olódùmarè. Bí ó bá jẹ́ ẹni rere, a ó ṣí ilẹ̀kùn ọ̀run rere fún un. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni ibi, iná ọ̀run àpáàdì ni yóò jẹ́ ilé rẹ̀. Bí a bá wá ṣí ìwé ìdáhùn náà sí ojú ewé kejì, níbi tí ìbéèrè lórí orúkọ àbísọ wà, akẹ́kọ̀ọ́ yìí kan náà yóò kọ ọ́ pé Babátúndé ni à ń sọ ọmọkùnrin tí a bí lẹ́yìn ikú bàbá àgbà, nítorí pé bàbá náà ni ó tún padà wá. Kò ní í bi ara rẹ̀ léèrè bí ẹni tí a ti dá ẹjọ́ rẹ̀ tán, tí a sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ní ọ̀run, ṣe tún rí àyè padà wá sí ilé ọmọ rẹ̀. Olùkọ́ tí ń máàkì náà kì í sábà bi í.

Àléébù yìí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Púpọ̀ nínú àwa tí ń kọ́ni ni ó ń fi ẹ̀kọ́ ilé ìjọsìn ka lítíréṣọ̀ àwọn baba ńlá wa, tí a kò sì mọ̀ pé à ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ju ti máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ lè pàdánù lọ. Bí a kò bá mọ irú ibi tí ọ̀run jẹ́ nínú èrò àwọn tí ó ni ọ̀rọ̀, a kò lè ka ẹsẹ Ifá, a kò lè gbọ́ ìrèmọ̀jé àwọn ọdẹ, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè mọ ibi tí Fágúnwà ti ń bá wa sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá àti ibi tí ó ti ń wàásù. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ kan ni ó gbé èrò Yorùbá nípa ayé àti ọ̀run ró. Àfiwé náà wà nínú òwe tí tọmọdé tàgbà mọ̀: Ayé lọjà, ọ̀run nilé. Bí a bá di àfiwé yìí mú ṣinṣin, púpọ̀ nínú ohun tí ó dàbí ìtakora yóò já sí ọ̀kan.

Àdàpè Ikú

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí èdè fúnra rẹ̀. Yorùbá kì í fẹ́ pe ikú àgbà ní ikú. Wọn a ní àgbà náà papòdà, èyí ni pé ó pa ipò dà. Wọn a ní ó wọ káà ilẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ọba ni, wọn a ní ó wàjà, ìyẹn ni pé ó wọ inú àjà. Ẹni tí ó bá ka àwọn àdàpè wọ̀nyí sí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù lásán kò tíì kà wọ́n tán. Kí á wo ohun tí ó pa wọ́n pọ̀. Káà, inú ilé ni. Àjà, inú ilé ni. Ipò sì jẹ́ ohun tí a lè kúrò lórí rẹ̀ bọ́ sórí òmíràn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dìde lórí àpótí tí ó lọ jókòó lórí ẹní. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ pé olóògbé jáde kúrò nínú ẹbí. Àní nígbà tí a bá tilẹ̀ sọ pé ènìyàn jáde láyé, inú ayé ni a ní ó ti jáde. A kò sọ pé ó jáde nílé.

Ìṣe àwọn baba wa bá èdè yìí mu. Inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí láyé àtijọ́, kí òfin ìjọba amúnisìn tó sọ itẹ́ òkú di ọ̀ranyàn ní àwọn ìlú ńlá. Àwọn ọmọ a máa sùn, wọn a sì máa jí lórí ilẹ̀ tí bàbá wọn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí egúngún bá sì jáde, ará ọ̀run ni a ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà "ará" yẹ kí ó dá wa dúró. Ará ilé ni à ń pe ẹni tí a jọ ń gbé. Ará ìlú ni à ń pe ẹni tí a jọ ni ìlú. Ẹni tí a bá pè ní ará ibì kan, ọmọ onílé ni níbẹ̀. Kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n, kì í sì í ṣe àlejò. Nípa adìẹ ìrànà tí a ń pa nígbà ìsìnkú, kí òkú lè rí ọ̀nà lọ, òwe sọ pé kì í ṣe ohun à-jẹ-gbé: ẹni tí ó bá jẹ ti ẹlòmíràn lónìí, a ó jẹ tirẹ̀ lọ́la. Ọ̀nà ilé ni gbogbo wa jọ ń tọ̀.

Ọ̀run tí a ti Wá

Bí ọ̀run bá jẹ́ ilé, a jẹ́ pé ibẹ̀ ni a ti wá kí a tó máa padà síbẹ̀. Èyí ni ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Nínú ẹ̀kọ́ ìjọ, iwájú ni ọ̀run wà. Nínú èrò Yorùbá, ẹ̀yìn àti iwájú ni ó wà.

Ìtàn ìṣẹ̀dá ayé tí a mọ̀ jù lọ ní Ilé-Ifẹ̀ fi èyí hàn. Láti ọ̀run ni Olódùmarè ti rán Ọbàtálá wá dá ilẹ̀ sórí omi, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀, erùpẹ̀, àti adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tí yóò tan erùpẹ̀ náà ká. Ọbàtálá mu ẹmu lójú ọ̀nà, ó sùn lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Kí á ṣàkíyèsí ohun méjì níbí. Èkíní ni pé iṣẹ́ tí a rán ni ni ayé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ wá sí i, ẹrù ni ó gbé wá, bí ẹni tí ń lọ sí ọjà. Èkejì ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìránṣẹ́ tí ó kùnà. A kò gbọ́ pé a jù ú sínú iná. Nínú ẹ̀dà ìtàn náà kan, iṣẹ́ mìíràn ni a tún gbé lé e lọ́wọ́, èyí tí í ṣe mímọ ara ènìyàn. Bí bàbá ti ń ṣe sí ọmọ tí ó da epo nù lójú ọ̀nà ọjà ni Olódùmarè ṣe sí Ọbàtálá.

Ìtàn kejì ni ti Afùwàpẹ́, nínú odù Ogbègúndá, èyí tí Wándé Abímbọ́lá ṣe ìtúpalẹ̀ rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí lítíréṣọ̀ Ifá, tí ó jáde ní 1976. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, ń bọ̀ wá sí ayé. Wọ́n ní láti yan orí ní ilé Àjàlá, alámọ̀ tí ń mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò rí Àjàlá nílé, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn yan orí tí ó wù wọ́n lójú. Òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà ayé, orí náà sì jẹ dànù. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ kọ́kọ́ yà kí bàbá rẹ̀. A dá Ifá fún un, ó rú iyọ̀ àti owó, ó sì mú nínú wọn dání lọ. Ó bá oníbodè tí ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fi iyọ̀ hàn án. Ó bá olówó tí ń sin Àjàlá ní gbèsè, ó san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀ láti inú àjà tí ó sá pamọ́ sí, ó sì bá a yan orí tí òjò kò lè jẹ.

Bí a ti sábà ń kọ́ ìtàn yìí ni pé àyànmọ́ kò gbóògùn: bí orí bá ti burú, ó ti tán. Ìtumọ̀ yìí kò ka ìtàn náà dé ìdí. Kí ni ó mú kí Afùwàpẹ́ rí orí rere yàn? Ó gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní sùúrù. Ó fi ohun tí ó ní ta ẹni tí kò ní lọ́rẹ. Ó gba onígbèsè sílẹ̀. Ìwà ni gbogbo èyí. Ìtàn náà kò sọ pé orí borí ìwà. Ohun tí ó sọ ni pé ìwà ti ṣáájú orí kí a tó dé ayé rárá. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ ọmọ pé ìtàn yìí ń pe ènìyàn sí ọ̀lẹ ti yí i sódì.

Ohun kejì tí a máa ń fojú fò nínú rẹ̀ ni irú ibi tí ọ̀run jẹ́. Gbèsè wà níbẹ̀. Oníbodè tí kò mọ iyọ̀ wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ń ta ọjà tí kò jinná dáadáa wà níbẹ̀, ó sì ń sá fún olówó. Ẹni tí ó bá gbé èrò ibi mímọ́ tí kò ní àbàwọ́n wá sí orí ìtàn yìí yóò rò pé ẹ̀fẹ̀ ni Ifá ń ṣe. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Bí ilé ti rí ni ọ̀run rí. Ìlú Yorùbá ni, pẹ̀lú bodè, ọ̀nà, iṣẹ́ ọwọ́ àti wàhálà rẹ̀.

A Ó Kúnlẹ̀ Rò

Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú wa yóò béèrè pé ìdájọ́ ńkọ́. Ó tọ́ kí ó béèrè. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí ó jáde ní 1962, jẹ́ kí ó yé wa pé èrò nípa ìṣírò iṣẹ́ ọwọ́ ẹni lẹ́yìn ikú kò ṣàjèjì sí Yorùbá, òwe sì wà láti gbè é lẹ́sẹ̀: gbogbo ohun tí a bá ṣe láyé ni a ó kúnlẹ̀ rò lọ́run.

Kí á wo òwe yìí dáadáa. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó wà níbẹ̀, kúnlẹ̀ àti rò. Níbo ni a tún ti gbọ́ ìkúnlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọ̀run? A gbọ́ ọ nínú àkúnlẹ̀yàn, èyí tí ènìyàn kúnlẹ̀ yàn kí ó tó wá sí ayé, àti nínú àkúnlẹ̀gbà, èyí tí ó kúnlẹ̀ gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ènìyàn kúnlẹ̀, nígbà tí ó ń lọ àti nígbà tí ó dé. Ta ni Yorùbá sì mọ̀ tí ń kúnlẹ̀ nígbà tí ó ń lọ àti nígbà tí ó dé? Ọmọ tí a rán ní ọjà ni. Yóò kúnlẹ̀ gba owó àti iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bí ó bá dé, yóò kúnlẹ̀ ro bí ọjà ti rí, iye tí ó tà, àti iye tí ó kù. Ìró tí ó wà nínú òwe yìí, ìró ọmọ níwájú òbí ni. Ìbéèrè ibẹ̀ kì í ṣe "Òfin wo ni o rú?" Ìbéèrè ibẹ̀ ni "Iṣẹ́ tí a rán ọ ńkọ́?"

Àfiwé yìí náà ni ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ àbíkú. Ọmọ tí ó lọ sí ọjà tí ó padà sílé kí ọjà tó kún ni àbíkú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀run ni ó ń pè é. Orúkọ tí a ń sọ ọ́, Málọmọ́, Dúrójayé, Dúrósinmi, ẹ̀bẹ̀ ni fún ẹni tí ilé ń wù ju ọjà lọ. Ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ àkúdàáyà pẹ̀lú, ẹni tí ó kú ní ìlú kan tí a tún rí i tí ó ń ṣòwò ní ìlú mìíràn: kò fẹ́ relé nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, ó kàn pààrọ̀ ọjà ni. Babátúndé kò sì ta ko ará ọ̀run mọ́. Ilé tí a kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ará ibẹ̀ lè tún wá sí ọjà; Ìdòwú pàápàá ti kìlọ̀ pé kí á má rò pé gbogbo olóògbé ni ó kúrò ní ọ̀run wá di ọmọ tuntun, nítorí pé a ṣì ń bọ ọ́, a sì ń ké pè é lẹ́yìn tí a ti sọ ọmọ lórúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Àpáàdì

Ibi tí àfiwé ilé ti le jù láti dì mú ni ọ̀rọ̀ ọ̀run àpáàdì, a kò sì gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Yorùbá ní ọmọ ẹni kì í burú títí kí á fi í fún ẹkùn pa jẹ. Bí ọ̀run bá jẹ́ ilé, kí ni ilé ń fi àpáàdì ṣe?

Àkọ́kọ́, kí á ya iná kúrò lára àpáàdì. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀ odidi Bíbélì, tí iṣẹ́ náà sì parí ní àwọn ọdún 1880, wọ́n lo ipò òkú fún ibi tí gbogbo òkú ń lọ, wọ́n sì lo ọ̀run àpáàdì fún ibi iná ìjìyà. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá gbọ́ àpáàdì, iná ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àpáàdì kì í ṣe iná. Àfọ́kù ìkòkò ni. Ìdòwú ti ṣàlàyé pé ààtàn ni àwòrán tí ó wà níbẹ̀, ibi tí a ń kó ohun tí kò wúlò mọ́ dà sí. Ààtàn kì í sì í ṣe ilé-ẹjọ́. Ẹ̀yìnkùlé ilé ni ó wà.

Ní tiwa, a fẹ́ fi ohun kan kún àlàyé Ìdòwú. Ta ni mọ orí ènìyàn? Àjàlá alámọ̀ ni. Amọ̀ sì ni ohun tí ó fi mọ ọ́. Bí ìtàn ènìyàn bá ti ọwọ́ alámọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò yani lẹ́nu pé àpáàdì ni a fi ṣe orúkọ ìparí rẹ̀ tí kò dára. Àwòrán kan náà ni láti orí dé ìdí. Amọ̀ tútù, bí ó bá bàjẹ́, a lè pò ó mọ́ òmíràn, kí á tún un mọ. Ìkòkò tí a ti sun, tí ó sì fọ́, kò lè padà di amọ̀. Ohun tí ó burú nínú ọ̀run àpáàdì, bí a ti rí i, ni pé a kò lè tún ẹni bẹ́ẹ̀ mọ mọ́. Kò ní í ṣe Babátúndé fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ìdílé tí ń yọ̀ pé ìkà tún padà wá sí ilé àwọn. Yorùbá kò rí ìyà tí ó tó kí á gbàgbé ènìyàn nínú ilé ara rẹ̀.

Àwọn Òǹkọ̀wé

Bí a bá gbé òye yìí wá sórí lítíréṣọ̀ àpilẹ̀kọ, a ó lè ya àlìkámà kúrò lára èpò. Olùkọ́ ni Fágúnwà, onígbàgbọ́ sì ni. Ilé ìtẹ̀wé ìjọ ni ó tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Kò sí àní-àní pé ìwàásù ìjọ wà nínú àwọn ìwé rẹ̀. Èṣù tí ó wà nínú Igbó Olódùmarè ti 1949 sún mọ́ Sátánì inú Bíbélì ju Èṣù tí àwọn babaláwo mọ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi í ṣe ẹ̀rí èrò ìbílẹ̀ ti ṣìnà.

Síbẹ̀, kí á wo bí a ti hun ìtàn náà. Ọba rán àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó. Wọ́n la igbó ẹlẹ́rù kọjá, wọ́n sì padà wá jíṣẹ́. Àkàrà-Ògún fúnra rẹ̀ wá jókòó ní ilé òǹkọ̀wé, ó ro gbogbo rẹ̀ títí. Ìrán-níṣẹ́, ìrìn-àjò, ìpadàbọ̀ àti ìròyìn: ọ̀nà tí ènìyàn ń tọ̀ láti ọ̀run wá sí ayé, tí ó tún padà, ni òǹkọ̀wé yìí fi ṣe eegun ẹ̀yìn ìtàn rẹ̀. Ìwàásù rẹ̀ jẹ́ ti ìjọ, ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn ìtàn náà, ti Yorùbá ni. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà, kì í ṣe inú ìwàásù.

Amos Tutùọlá ní tirẹ̀ kọ ìwé rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìlú àwọn òkú inú The Palm-Wine Drinkard, tí ó jáde ní 1952, kò ní adájọ́ kankan. Ọ̀mùtí náà lọ wá adẹ́mu rẹ̀ tí ó kú; ó bá a níbẹ̀, ó ń gbé bí ará ìlú, lẹ́yìn tí ó ti lo ọdún méjì láti kọ́ bí a ti ń ṣe òkú. Kò lè bá ọ̀gá rẹ̀ padà, nítorí pé ó ti di ará ibẹ̀. Eré Dúró Ládípọ̀, Ọba Wàjà, ti 1964, àti Death and the King's Horseman tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1975, dúró lórí ìpìlẹ̀ kan náà: ọba ń relé, ó sì yẹ kí ẹmẹ̀wà rẹ̀ tẹ̀ lé e. Aláṣẹ òyìnbó tí ó dá ẹmẹ̀wà náà dúró rò pé òun gba ẹnìkan lọ́wọ́ ikú. Lójú àwọn ará ìlú, ó dá ìránṣẹ́ dúró lójú ọ̀nà ni.

Ìmọ̀ràn fún Akẹ́kọ̀ọ́ àti Olùkọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pàdé ìbéèrè lórí ẹ̀yìn ikú nínú ìdánwò, kí ó ṣe ohun mẹ́ta. Kí ó kọ́kọ́ sọ irú ẹ̀rí tí ó ń lò: òwe ni, ẹsẹ Ifá ni, orúkọ ni, àbí ìwé òǹkọ̀wé ìgbàlódé ni, nítorí pé ohun tí Ifá sọ àti ohun tí Fágúnwà sọ kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan. Èkejì, bí ó bá mẹ́nu ba ọ̀run rere àti ọ̀run àpáàdì, kí ó ṣàlàyé ìtumọ̀ àpáàdì, kí ó má kàn fi iná parí ọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó má kọ Babátúndé sí ojú ewé kan àti ìdájọ́ sí òmíràn láìsọ bí méjèèjì ti jẹ́ ti ènìyàn kan náà.

Fún àwa olùkọ́, ohun kan ṣoṣo ni ó kù. Ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí, kò sì sí ẹni tí ó ní kí á fi ẹ̀sìn wa sílẹ̀ kí á tó lè kọ́ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a gbà gbọ́ yàtọ̀ sí ohun tí ìwé tí ó wà níwájú wa sọ. Bí ọmọ bá kọ èrò àwọn baba ńlá rẹ̀ bí ó ti yẹ, máàkì rẹ̀ kò gbọdọ̀ dínkù nítorí pé kò bá ìwàásù ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ Jímọ̀ mu.

Ìgúnlẹ̀

A kò sọ pé òwe kan lè gba gbogbo ohun tí Yorùbá ti rò nípa ayé àti ọ̀run. Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Kétu ní àdàpè ikú tiwọn àti ìṣe òkú tiwọn. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ tí ó wà níbẹ̀ kó wọn jọ, kí wọ́n sì kọ wọ́n sínú ìwé àtìgbàdégbà bí irú èyí, kí àwọn àgbà tí ó mọ̀ wọ́n tó papòdà. Bí wọ́n bá kó wọn jọ, kí wọ́n fi ìbéèrè kan dán wọn wò: ṣé inú ilé ni ọ̀rọ̀ yìí gbé olóògbé sí, tàbí ìta? Ìdáhùn ni yóò fi hàn bí òwe wa ti nà tó, àti ibi tí ó ti gbọdọ̀ dúró.